Iná Òdòdó Òkun

Ní Ìsìkàn ni mo ti ra gílóòbù àkọ́kọ́,
funfun báláú. Tìámìyù oníná ní,
"Màmá, èyí á mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìgò."
Ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́.
Òdòdó òkun mi ká gbogbo ọwọ́ rẹ̀ jọ,
ó sún kì bí ìkúùkù ọmọ tuntun.

Òdòdó la pè é, ẹranko ni.
Ó lẹ́nu, ó ń jẹ edé bíi tèmi,
ó sì tún ń jẹ iná.

Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí aláwọ̀ aró tó ń rọra tàn.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí,
ó na ọrùn bí ẹni ń retí ọkọ̀ Ìgbókòdá.

Lóru ọjọ́ tí wọ́n mú iná Àkúrẹ́ lọ,
mo tan tọ́ọ̀ṣì: àyè rẹ̀ ṣófo.
Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ní, ó ti fi rìn,
ó lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta kejì.
Ẹni tí à ń wá iná fún
ló mọ ibi tó ti ń jó òun.

N kò gbé e padà.
Iná kẹta ni mo fi okùn aṣọ so kọ́ sókè ibẹ̀,
èyí tó ṣeé fà sókè, tó ṣeé sọ̀ sílẹ̀,
aró rẹ̀ pọ̀ ju funfun lọ,
wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, bátìrì ń ràn án lọ́wọ́.

Ògiri pálọ̀ di omi.
Bàbá Ògúnlẹ́yẹ na ọrùn lójú fèrèsé:
"Fíìmù wo lẹ ń wò tí kì í parí?"
Mo ní ẹnìkan ló ń jẹun.