Àmì Orí Orúkọ Mi

Ìgbà ìwọ́wé kù díẹ̀ kó parí nígbà tí wọ́n bí mi,
ni bàbá mi fi sọ mí ní Wànqiū.
Ohùn àkọ́kọ́ já wálẹ̀, èkejì dúró gbọn-in lókè;
béèyàn bá ṣì í pè, nǹkan mìíràn ló pè.
Sìnyọ́rà Bettarini, olùkọ́ ìṣirò wa, kò mọ̀.
Láràárọ̀ ó ń pè mí ní Abọ́,
ó ń pè mí ní Bọ́ọ̀lù,
mo sì ń dáhùn.
Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé igbá kì í ṣe igba,
pé ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́,
ẹ ó mọ bó ṣe ń rí lára.
Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú máa jẹ́ Ginevra.
Mo gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù àyálò. Apá rẹ̀ gùn jù.

Òkè là ń gbé, ẹ̀rọ ìránṣọ wà nísàlẹ̀,
mẹ́rìnlá, kò sí èyí tó ń sùn.
Ní Prato, ní òpópónà Pistoiese,
orí ìdì aṣọ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá,
òwú dúdú ń lẹ̀ mọ́ ìwé mi bí irun ológbò.
Ìyá mi ń rán kọ́là mọ́ kóòtù
tí ẹnìkan yóò wọ̀ ní Milano, tí kò ní mọ̀
pé ẹ̀jẹ̀ ìka kan wà lábẹ́ aṣọ inú rẹ̀.
Aago mọ́kànlá la tó ń jẹun alẹ́.
Bàbá mi kì í béèrè bí ilé ìwé ti rí.
Ó yọ egungun kúrò lára ẹja,
ó gbé ẹja náà sínú abọ́ mi,
ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ìyá àgbà pè lórí fóònù láti Wenzhou.
Òun ló tọ́ mi títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ.
Etí rẹ̀ kan ni mo ń rí, àti àjà ilé.
Ó ní, “Ṣé o ti sanra?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ,
n kò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu mi mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, n kò lọ sílé ìwé.
Èmi ni ẹnu ìyá mi ní ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú.
A dúró láti aago mẹ́fà, òjò ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì.
Ọ̀gá tó wà lẹ́yìn gíláàsì wo ìwé, ó wo ìyá mi,
ó ní, “Ọdún mẹ́tàdínlógún! Ṣé àgùntàn ni, tí kò gbédè?”
Ìyá mi kọjú sí mi: “Kí ló wí?”
Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun.
Mo ní, “Ó ní ṣé ẹ ti jẹun.”
“Sọ fún un pé a ti jẹ. Bi í bóyá òun náà ti jẹ.”
Mo yíjú sí ọ̀gá:
“Ó ní ẹ ṣeun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa lu òǹtẹ̀.”
Ó lù ú.

Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá mi bó ọsàn.
Kò wò mí. Èdè Ítálì ló fi sọ ọ́,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́:
“Àgùntàn kọ́ ni mí.”
Ó pín ọsàn sí méjì,
ó fún mi lẹ́yìí tó tóbi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìdánwò ìṣirò.
Mo kọ orúkọ mi, mo sì fi àmì sí i lórí,
ọ̀kan ń ṣubú, ọ̀kan tẹ́jú.
Sìnyọ́rà Bettarini sún gíláàsì ojú rẹ̀ wá sórí imú:
“Kí lèyí? Ṣé íńkì ló ta sí i?”
Mo ní, “Fìlà ni. Òtútù ń mú un.”
Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́ẹ̀kẹta, Bọ́ọ̀lù ti lọ,
Abọ́ ló kù.