Ọkọ̀ Lọ, Ó Ku Ọkọ

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wọ́ ọkọ̀ wa pupa lọ ní Paltamo,
ó ti dógùn-ún débi pé mo lè ti ihò ilẹ̀kùn rẹ̀ rí yìnyín.
Ilpo gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò irin,
ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tì í bọ àpò,
ó dúró síta láìdé fìlà
títí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù náà fi wọ inú igbó.
N ò bá a sọ nǹkan kan. Mo gbé omi kọfí kaná.

Ọkọ̀ ti lọ. Ó ku ọkọ.
Àmì ohùn kan péré ló là wọ́n láàrin.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò dá mi lójú èwo nínú wọn ni mo fẹ́.

Nítorí nínú ọkọ̀, Ilpo kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ràn.
Ojú ọ̀nà ló ń wò, ẹ̀rọ ló ń tẹ́tí sí;
bí mo bá ní, "Inkeri kọ lẹ́tà,"
á ní, "Ṣé o gbọ́ ariwo yẹn, lábẹ́ táyà òsì?"
Nígbà kan mo ní ká yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì,
a bá ara wa níwájú ilé ìlagi, níbi tí ọ̀nà parí sí,
ajá kan ń gbó wa láti ẹ̀yìn ìtì igi.
Kò sọ pé mo jàre.
Ó ṣáà bu búrẹ́dì ẹlẹ́ja wa sí méjì,
ó sì gbé èyí tó tóbi fún mi.

Báyìí, ọkọ̀ èrò ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀,
bó bá wù ú.
Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ la fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù,
ọ̀dùnkún wúwo lọ́wọ́ mi bí ẹ̀bi.
Ni mo bá rántí àga ìyọ̀ ìyá mi nínú àká:
àga igi kékeré lórí irin gígùn méjì,
ẹnì kan á jókòó, ẹnì kejì á dúró sẹ́yìn,
ẹsẹ̀ kan lórí irin, ẹsẹ̀ kan á máa ti ilẹ̀ sẹ́yìn.
Ilpo fi àbẹ́là ra irin náà títí ó fi ń dán.

Mo jókòó, mo gbé àpò lé itan.
Irin ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lórí yìnyín, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀,
èémí Ilpo ń gbóná mọ́ mi lẹ́yìn ọrùn.
Kò sí rédíò tó máa yí. Kò sí ariwo táyà.
Lẹ́bàá adágún, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọlà síni lójú,
ó sọ ọ́ sí ẹ̀yìn fìlà mi:
"Tuovi, kì í ṣe ìdógùn-ún.
Ojú mi ni. Láti ìgbà ìkórè
ni mi ò ti rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mọ́ lálẹ́."

N ò yíjú padà. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ẹ̀yìn èèyàn
kò fẹ́ kí wọ́n wo ojú òun.
Mo na ọwọ́ sẹ́yìn. Ìbọ̀wọ́ bá ìbọ̀wọ́.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo ní, "Ó yá, jókòó."
Ó ní àwọn ará ilé Heikura á rí wa.
Mo ní kí wọ́n rí wa.
Ó jókòó. Ó wúwo ju ọ̀dùnkún lọ.
Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé apòògùn, àga náà gba eré lọ́wọ́ mi,
Ilpo ké, "Bíréèkì! Bíréèkì!"
ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń tẹ òfúrufú,
ó ń wá ohun tí wọ́n ti wọ́ lọ.
Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dì sí ìpéǹpéjú mi.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, oòrùn ti wọ̀.
A dé oríta. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ọ̀tún."
Òsì ni ilé wa wà.
Mo yà sọ́tùn-ún.