Mẹ́fà Péré

Ní Ìjerò, lọ́sẹ̀ tí iṣu tuntun wọ ọjà
(uṣu ni ìyá mi ń pè é, kò sì ní yí i padà),
mo fa ewé kan ya láàárín ìwé iṣẹ́ mi,
mo ń kọ orúkọ àwọn tí a ó pè
síbi ọjọ́ ìbí Ẹniayéwù,
ọmọ ọdún márùn-ún tó ń lọ sí mẹ́fà.

Mo kọ títí, ojú ìwé kún.
Mo yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ náà kún.
Ọ̀gá ọkọ mi wà níbẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀,
akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀,
àti obìnrin kan tó fún wa ní abọ́ oníke méjì lọ́dún tó kọjá,
tí a gbọ́dọ̀ fi abọ́ san abọ́ fún.
Mo kà wọ́n: àgbà mọ́kànlélógójì,
ọmọdé márùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni owó wọlé ọ̀rọ̀.
Ilé rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, láti Adó,
ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì, owó ọkọ̀ ò sí nínú ẹ̀.
Kéèkì alájà mẹ́ta. Onífọ́tò. Epo jẹnẹrétọ̀.
Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi láti ìpàkọ́ wá síwájú,
àfi bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí.

Ọmọ́níyì, ọkọ mi, ń ta epo sí ìdè ilẹ̀kùn tó ń han.
Kò gbójú sókè.
"Bi ọmọ," ló wí.

Mo bi ọmọ. Ó ń rẹ́ àgbàdo lórí ẹní Ọ̀gọ̀tún.
Ó ronú, ó ronú gan-an, ó fi ìka ti imú.
"Mo fẹ́ kí Bọ́lárìn wá,
Bọ́lárìn tó ti kó lọ sí Ìdó.
Mo fẹ́ gún iyán, kí n gún un fúnra mi.
Mo sì fẹ́ kí ẹ má bínú."
"Kí n má bínú báwo?"
"Bíi ti ọdún yẹn, tí ẹ ń sáré,
tí ẹ ń ní, 'Kúrò níbẹ̀! Ṣọ́ aṣọ rẹ!'"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi.
Ìwé náà la fi dáná alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọmọ mẹ́fà la pè, iye ọdún rẹ̀ gẹ́lẹ́.
Aago mẹ́ta sí márùn-ún.
Mo dé ẹnu ọ̀nà ìyá kọ̀ọ̀kan, mo ní,
"Aago márùn-ún, ẹ wá mú ọmọ yín o.
Èmi náà fẹ́ sùn."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé mi ò ṣeré.
A ò yá àga. A ò yá nǹkan kan.
Owó ọkọ̀ láti Ìdó nìkan ló wúwo.

Aago méjì àbọ̀, òjò ṣú láti ọ̀nà Ìpòtì.
Lọ́dún tó kọjá, ǹ bá ti sunkún.
A ká ẹní, a kó sábẹ́ páànù ilé ìdáná,
òjò ń pariwo, àwọn náà ń pariwo,
odó kékeré ìyá mi ń jó láàárín wọn.
Iyán náà kún fún kókó.
Bọ́lárìn yọ ọ̀kan jáde, ó gbé e sókè:
"Ẹ wò ó, iyán ti hu eyín!"
Kò sẹ́ni tó jẹun mọ́ fún ẹ̀rín.

Kéèkì alájà kan. Atẹ́gùn pa àbẹ́là kí a tó kọrin.
A tún un tàn, ó tún kú,
ni kálukú bá fẹ́ kó jẹ́ tòun ni òun pa,
a sì tan án fún gbogbo wọn, títí ìṣáná fi tán.

Aago márùn-ún lù. Ìyá kan pẹ́ dé
(ìyá kan a máa pẹ́ ṣá).
Mo ti sùn sórí ẹní kó tó kan ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo pàdé obìnrin alábọ́ oníke lọ́nà omi.
"Mo gbọ́ pé ẹ ṣe ọjọ́ ìbí," ló wí. Ojú rẹ̀ le díẹ̀.
Mo ní, "A ṣe é, ẹ̀gbọ́n.
Abọ́ yín wà nílé.
Ẹ yà lọ́la, ẹ wá jẹ iyán nínú ẹ̀.
Ẹniayéwù ni yóò gún un,
ẹ rọra jẹ ẹ́, torí eyín rẹ̀."