Arọ́pò-Orúkọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn òjò,
mo kọ ọ́ gàdàgbà sí pátákó:
hí fún ọkùnrin, ṣí fún obìnrin,
dé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.
"Ẹ pè é tẹ̀ lé mi."
Ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ti jábọ́:
"Dé! Dé! Dé!"
bí ẹni pé àlejò ń wọlé.

Mo ní gbólóhùn òyìnbó kì í ṣe kòkó
tí a kàn ń dà sílẹ̀ kí oòrùn bá wa sá a.
Títò ni wọ́n ń tò ó:
olùwà ṣíwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, àbọ̀ kẹ́yìn,
lẹ́yìn náà kóró kan péré, kí o tó mí.
Mo ní gó àná ti di wẹ́ǹtì,
bí ọmọ tó re Kánádà bọ̀
tí ajá ilé wọn ń gbó o.
Mo ní bí olùwà bá jẹ́ ẹyọ kan,
ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ á gbé ẹ́ẹ̀sì kọ́ ìdí.
Akínwándé na ọwọ́ lẹ́yìn:
"Sà, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnì kan ló ń ru ẹrù,
tí ọ̀pọ̀ ń rìn lọ́wọ́ òfo?"
Agogo lù. Ọlọ́run ló yọ mí.

Lálẹ́, lábẹ́ fìtílà, mo ṣí ìwé Moróunkéjì.
Ìyá bàbá rẹ̀ ló kọ nípa rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì:
dé ń gbé Òkè Àró,
dé ń sá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì,
eyín dé ku mẹ́rin.
Mo fa igi pupa lé gbogbo dé náà lórí.
Ojú ìwé ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì lówùúrọ̀.
"Sà, mo mọ̀ pé ẹnì kan ni wọ́n.
Ẹnu mi ni kò gbà láti pè wọ́n ní ẹyọ."

Ọjọ́ Ẹtì, ìyá àgbà dé fúnra wọn.
Kòkó ṣì wà ní èékánná wọn. Wọn kò jókòó.
"Ìwọ tíṣà, wọ́n ní o kun ìwé ọmọ mi nítorí mi."
Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé.
Mo ní òyìnbó kì í sọ ẹnì kan di púpọ̀ kó tó bọ̀wọ̀ fún un,
yúù tí wọ́n ń pe ọba ni wọ́n ń pe ewúrẹ́.
Mo ti ń retí èébú.
Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

"Ọmọ Ìsẹ́yìn, ta ló ní àwa ní in rí?
Ní Àkúrẹ́ tí wọ́n bí mi sí,
o ni mo ń pe bàbá mi,
o ni òun náà ń pe bàbá tirẹ̀.
Orúnkún la fi ń mọ àgbà, ahọ́n ò dá sí i.
Inú ìwé kíkà ni ẹ ti bá wa, tòun ti pàṣán.
Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ lórí ẹ yẹn,
lọ́wọ́ tíṣà kan tó jọ ọ́."
Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn síwájú mi
bí ẹni pé ojú ẹgba náà ṣì wà níbẹ̀.
"Jẹ́ kó kọ ṣí, kó yege.
Bó bá délé, kó kúnlẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, ìwé Moróunkéjì tún dé ọwọ́ mi.
Ìyá bàbá mi wá sí ilé-ìwé.
Ṣí bá tíṣà sọ̀rọ̀.
Dé rẹ́rìn-ín
Mo gbé bíírò pupa, mo gbé e dúró lókè gbólóhùn yẹn,
títí yànmùyánmú fi jẹ mí lẹ́ẹ̀mejì.
Ta ni dé yìí? Ṣé àgbà náà ni ó tún sọ di púpọ̀ ni?
Àbí…
Mo wá rántí: èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

N kò fa igi kankan.
Ó gbàgbé àmì ìdánudúró níbi tí ọ̀rọ̀ parí sí;
mo bá a fi kóró pupa kan síbẹ̀.