Mí Síta Kí O Tó Tẹ̀ Ẹ́

Tòkunbọ̀ ni lẹ́ǹsì náà. Ìkẹjà ni mo ti rà á,
lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó búra pé ojú rẹ̀ kò ní ìlà.
Mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé e wálé
bí ẹni tó jí ẹyin gbé.

Àárọ̀ Sátidé, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, ẹ̀yìnkùlé wa.
Òjò àná ṣì ń kán lórí páànù,
ewúro wà nínú ike ọ̀dà,
èèrà ń tò lọ lórí okùn aṣọ.
Mi ò ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé.
Ọwọ́ lásán ni, àti orúnkún lórí sìmẹ́ńtì tútù.

Fótò kìíní: kùrukùru.
Ìkejì: kùrukùru, aláwọ̀ ewé.
Ìkẹta: ìdí èèrà tó ti ń sá lọ.
Èmi tí mo rò pé mo dúró bí òpó iná,
àṣé mò ń mì.
Ọkàn mi ń ti ọwọ́, ọwọ́ ń ti lẹ́ǹsì,
ohun tí kò tó hóró ìrẹsì kan
sì ń fì lójú mi bí ọkọ̀ Màkókò lórí ọ̀sà.
Lẹ́yìn náà rélùweè kọjá,
gbogbo ilé gbọ̀n. Mo dẹ́kun kíkà.

Bàbá mi wà lórí àga onírọ́bà, ó ń wò mí.
Bámgbàlà Adésọ́jí, A-tún-aago-ṣe, bí pátákó rẹ̀ ti kọ ọ́;
ogójì ọdún pẹ̀lú nǹkan dúdú kan bí ìdérí ìgò lójú ọ̀tún,
tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Olójú-kan.
Nísinsìnyí, tíì kì í dé ẹnu rẹ̀ kó má dà.
“Má yí i mọ́,” ó ní. “Ara rẹ ni kó o fi wá a.
Sún mọ́ ọn. Padà díẹ̀. Sún mọ́ ọn.
Fi ìgúnpá ti ìhà. Mí síta.
Ibi tí èémí ti tán, tí òmíràn kò tíì dé,
ibẹ̀ ni kó o tẹ̀ ẹ́.
Ibẹ̀ ni èmi ti máa ń fi ìṣó aago sójú ihò.”

Mo mí síta.
Èèrà kan dúró,
ó fa ìwo rẹ̀ la ẹnu kọjá bí ọmọdé tó ń lá ṣíbí.
Mo rí irun ìbàdí rẹ̀.
Mo rí ẹ̀kán òjò kan létí ewúro,
ilé wa dorí kodò nínú rẹ̀,
ìyá Fẹ̀hìntọlá ń sá aṣọ sísàlẹ̀ ọ̀run.
Wọ́n ní ẹni bá fara balẹ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀.
Èmi ò pa á. Ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Ni mo bá ń wá ohun kékeré kiri:
eyín síìpù, etí owó náírà,
aago kan nínú àpótí rẹ̀, tí oníbàárà rẹ̀ kò padà wá gbà.
Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá ti fi abẹ́rẹ́ họ àmì sínú ọmọrí,
ìgbàkígbà tó bá tún un ṣe,
kékeré, tí ojú lásán á pè ní ẹgbò irin.
B.A., ’84. Ìlà rẹ̀ gún bí irun.
B.A., ’91. Ó gún.
B.A., ’98.
Mo mí síta, mo tún yà á. Mo tún yà á.
Kì í ṣe ọwọ́ tèmi ló gbọ̀n.
Lẹ́tà náà ló wọ́, bí ipa ejò lórí iyanrìn.

Ọdún mẹ́tàlá gbáko
kó tó sọ fún dókítà.

“Ṣé ó hàn?” ó bi mí.
Ó hàn, Bàbá.
Ó nawọ́ sí kámẹ́rà. Mo gbé e fún un,
mi ò bá a dì í mú.
Ó sún mọ́ ojú mi títí mo fi gbóòórùn àbòníkì lára rẹ̀,
ó padà díẹ̀, ó sún mọ́ mi,
ó mí síta.

Kùrukùru ni, ó dúdú díẹ̀ níbi tí ojú mi yẹ kó wà.
Mi ò pa á rẹ́.