Aṣọ Tó Mọ Omi Í Mu

Kán omi lé e kí o tó fi àlùmọ́gàjí kàn án.
Ohun tí mo máa ń sọ fún Wúràọlá nìyẹn,
ọmọṣẹ́ mi, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Tákìé,
níbi tí eruku ọ̀nà Ìlọrin ti ń bá wa jókòó.
Kán ẹyọ kan. Kà á.

Sátíìnì tí ìyàwó Dókítà kó wá,
tó ń dán bí ẹ̀yìn ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn,
a kà á dé ogún, a tún kà á dé ogójì,
omi ṣì jókòó roboto sórí ẹ̀
bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò kí káàbọ̀.
Ánkàrá tuntun náà ò sàn jù ú lọ:
sítáàṣì ṣì wà lára ẹ̀, ó ń gbéra ga.
Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sá a, kí ojú ẹ̀ wálẹ̀.

Mo wá ṣí àpótí.
Kíjìpá ni, ìyá mi àgbà ló hun ún.
Àwọn èèyàn ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ.
Aṣọ ọ̀lẹ!
Aṣọ tó pọn èmi àti àbúrò mẹ́rin,
tó mu ìtọ̀ wa, tó mu omi ọṣẹ, tó mu òógùn oko kaṣú,
tó mu omijé àárọ̀ ọjọ́ tí Táíwò kò jí,
tó sì tún gbẹ lórí okùn kí ilẹ̀ tó ṣú.
Mo kán omi lé e.
“Ení,” ni Wúràọlá wí.
Kò rí èjì kà.

Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n má gé e.
Àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán.
Mo gé e.
Igun mẹ́rin, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
kíjìpá nísàlẹ̀, tówẹ̀lì àlòkù láàrin,
Ánkàrá tí a ti fọ̀ lókè, kí ojú lè rí nǹkan wò.
Mo rán etí ẹ̀ yípo, mo fi ààyè ìka méjì sílẹ̀,
mo yí inú ẹ̀ síta,
mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ti igun ẹ̀ jáde ṣónṣó.
Lẹ́yìn náà ni mo kọ ebè sí i lára,
ebè lọ, ebè bọ̀, oríta lórí oríta,
kí aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má baà já ara wọn sílẹ̀
nígbà tí omi bá dé.

Mẹ́fà ni. Mo kó wọn lọ sílé, sórí tábìlì bàbá mi,
ìrókò tí òun fúnra ẹ̀ fá nígbà tí apá ṣì gbé e.
Òrùka funfun kan wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún,
níbi tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé:
ojú ìdí kọ́ọ̀bù omi tó fi lo oògùn kẹ́yìn.
Gbogbo wa ń sá sókè sá sódò lọ́jọ́ náà,
ẹnikẹ́ni ò rántí gbé kọ́ọ̀bù.
Omi wọ igi. Igi ò bì í.

Ẹ̀gbọ́n mi Fìdípẹ̀ ti fi òróró pa á, ó ti fi eérú bó o,
ó ní ó ń dójú tini níwájú àlejò.
Torí ẹ̀ ló ṣe ní kí n rán nǹkan tí a ó fi bò ó.

Mo tẹ́ ẹyọ kan síhìn-ín, mo tẹ́ ẹyọ kan sọ́hùn-ún.
Àlejò dé, a bu omi tútù,
kọ́ọ̀bù ń làágùn nínú ooru oṣù Ẹ̀rẹ̀nà,
máńgòrò ń já lu páànù lẹ́yìnkùlé,
kíjìpá ń mu, kò sọ fún ẹnì kan.
Ẹ̀kẹfà ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́.
Mo gbé e dé orí òrùka yẹn,
mo tún gbé e kúrò.

Ó wà nínú báàgì mi di òní.
Mo fi nu ojú lẹ́ẹ̀kan, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, nígbà tí mò ń bọ̀ láti Apákè.
N kò tíì fọ̀ ọ́.