Omi Abẹ́ Yìnyín

Èmi ni mo wọn orí rẹ, Hylke,
láti ìpàkọ́ dé gbòǹgbò imú,
láti etí dé etí, pẹ̀lú okùn ìwọ̀n bíi ti aránṣọ.
Mo fi lẹ́ẹ̀dì pupa sàmì síbi tí wáyà yóò jókòó sí.
Wáyà mọ́kànlélógún. Mo fi àtè tútù lẹ̀ wọ́n mọ́ ọ lórí.
Mo rí àpá kan lókè etí òsì:
ìyàwó rẹ ní ẹṣin bàbá rẹ ló ta ọ́ nípàá
nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje.
Orí tí ẹṣin ò fọ́. Mo sọ ọ́ sínú.

Ọjọ́ Sátidé ni kánààlì dì,
lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí gbogbo Leeuwarden ti ń wojú òtútù.
Ẹ sọ bàtà onírin kalẹ̀ láti òkè àjà.
O yọ̀ kọjá lábẹ́ afárá,
o nawọ́ sí ẹni tó ń ta ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná,
o ṣubú.
Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé o yọ̀ ṣubú ni.
Tíṣà kan, Boukje, ló wo ètè rẹ tí kò rẹ́rìn-ín.
Ó kúnlẹ̀ sórí yìnyín, ó ń tẹ àyà rẹ,
ó ń tẹ̀ ẹ́, títí orúnkún rẹ̀ fi rin gbingbin.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ọkàn gbọ́, ó padà.
Orí ò tíì jẹ́ ìpè.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ
bí ilẹ̀ wa yìí tí kò ní òkè kan ṣoṣo.
Wytske bi mí pé, “Ṣé ó ti tán ni?”
Mo ní èmi kọ́ ni dókítà, wáyà ni mo ń lẹ̀.
Dókítà Terpstra fa àga, ó jókòó tì í:
“Ìlà tó tẹ́ lónìí kì í ṣe ìdájọ́.
Èyí tó bá ṣì tẹ́ lọ́la, lákòókò yìí,
ìyẹn ni n óò wá bá yín sọ.”

Aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ìlà kan fò.
Ó tẹ́.
Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ló gbá okùn.
Mo yẹ okùn wò, mo yẹ ibùsùn wò, mo di èémí mú.
Ó tún fò.
Ìgbì ń dé ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, ìdákẹ́ tẹ̀ lé e,
mo sì ń ka ìdákẹ́ náà
bí ọmọdé ṣe ń ka àlàfo mànàmáná sí àrá,
kó lè mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀ tàbí ó ń lọ.
Mẹ́jọ. Mẹ́jọ. Mẹ́fà. Márùn-ún.
Nígbà tí ọkọ̀ búrẹ́dì fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná,
kò sí àlàfo mọ́ tí mo lè kà.

Bàbá mi a máa tẹ etí mi mọ́ yìnyín adágún.
“Jeltje, fetí sílẹ̀. Omi ò lọ síbì kankan.”

Dókítà pàtẹ́wọ́ létí rẹ. Ìgbì ò yí padà.
Wytske bẹ̀rẹ̀, ó pè ọ́ ní orúkọ kan
tí kì í ṣe Hylke, tí kì í ṣe fún etí mi.
Mo kọjú sí ògiri.
Ẹ̀rọ ò mọ ìtìjú: gbogbo ìlà ló mì.
Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Ó dáhùn.”

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ.
Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan láti Harlingen,
ìgbì rẹ̀ dọ́gba bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́.
Kò jí.
Ẹ̀rọ yìí, ohun tó gbọ́ ló ń sọ.
Kò mọ ẹni tó máa wọ bàtà rẹ̀ padà.

Láàárọ̀ yìí mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́
fọ àtè kúrò nínú irun rẹ. Ó pẹ́ díẹ̀.
Ìpéǹpéjú rẹ mì lẹ́ẹ̀kan.
Ó lè jẹ́ pé omi ló ta sí ọ lójú.
Mo ní, “Hylke, má bínú,”
mo sì dúró, aṣọ ìnura lọ́wọ́ mi,
mo ń retí kí o bínú.